"Undertake" fún àwọn ará Ṣáínà tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì: àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí

Àwọn àgbàlagbà láti Ṣáínà ni mo ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì lórí fóònù, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì àti àwọn tó ń múra yunifásítì òkè òkun. Wákàtí 7 ni wọ́n fi ṣáájú wa, torí náà tí wọ́n bá jẹun alẹ́ tán tí wọ́n jókòó sídìí fóònù ni èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú oúnjẹ ọ̀sán. Láti ìgbà tí mo ti jẹ́ káwọn èèyàn mọ̀ pé iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí ni àwọn Yorùbá bíi tèmi tó ń kọ́ wọn, àtàwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní ìhà Igbesa àti Lẹ́kí, ti ń fi ìbéèrè ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì ń padà wá ṣáá: undertake. Mo kúkú kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí, ó ti sú mi láti máa tẹ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Undertake yìí gan-an, kí ló jẹ́ ní Yorùbá?

Ojú méjì ló ní tó ṣe pàtàkì. Èkíní ni dáwọ́ lé. Ẹ ṣá mọ bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń ṣàdúrà, "ohun tó o bá dáwọ́ lé á yọrí sí rere", ohun tí wọ́n ń wí yẹn náà ni, iṣẹ́ tó nípọn díẹ̀, tó máa gba àkókò, téèyàn mọ̀ọ́mọ̀ gbà láti ṣe tó sì kó sí i. Ìwádìí, ìrìnàjò, iṣẹ́ ìkọ́lé, ẹ̀kọ́ yunifásítì. "The university undertook a survey", yunifásítì dáwọ́ lé ìwádìí. Ìkejì ni ìlérí, àmọ́ ìlérí tó lè ni o, irú èyí tí wọ́n lè fi mú èèyàn. "The seller undertakes to deliver the goods within 30 days", ẹni tó ń tajà ti gbà, ó ti fọwọ́ sí i, pé láàárín ọjọ́ 30 ọjà á dé. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa ẹ máa rí i pé ibì kan náà ni méjèèjì ti wá, ẹni tó dáwọ́ lé nǹkan ti fi ẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun á ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ìwé ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹni tó bá ní "I undertook the cooking of rice" ti ṣe bí ẹni tó sọ pé "mo dáwọ́ lé ẹ̀bà jíjẹ". Ó yé wa, àmọ́ a máa rẹ́rìn-ín ná.

Kí ni "under" ń wá níbẹ̀? Abẹ́ kí ni?

Gbogbo kíláàsì tuntun ló máa ń béèrè èyí, torí ọ̀rọ̀ tiwọn máa ń ṣeé tú palẹ̀ kí ìtumọ̀ ẹ̀ sì hàn, wọ́n wá rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni Gẹ̀ẹ́sì rí. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní "underniman", "niman" yẹn ló túmọ̀ sí mú, ìgbà tó yá "take" tí àwọn ará àríwá Yúróòpù kó wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lé "niman" kúrò, ló bá di undertake. Àwọn ará Jámánì ṣì ń sọ "unternehmen" títí dòní, àwọn Faransé ní "entreprendre", ibẹ̀ ni "entrepreneur" ti jáde. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dúró lórí wọn, ẹ lo lẹ́tà tiwọn, 承, tí wọ́n ń pè ní chéng. Bí wọ́n ṣe ń yà á láyé àtijọ́, ọwọ́ méjì ló gbé èèyàn kan sókè láti abẹ́. Ọwọ́ tó ti abẹ́ gbé nǹkan nìyẹn, ẹ ò tún ní sọ̀rọ̀ jù.

Kí ló dé tó jẹ́ pé ibi tí kò yẹ ni wọ́n máa ń tì í sí? Gírámà wọn dára o, àmọ́ undertake wọn máa ń dún wíyẹwíyẹ.

Ẹjọ́ díkíṣọ́nárì ni, kì í ṣe ẹjọ́ wọn. Tí wọ́n bá ṣí undertake nínú díkíṣọ́nárì, ohun àkọ́kọ́ tó máa yọjú ni 承担, chéngdān. Chéng yẹn la sọ tán yìí. Dān tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ ẹrù ni, igi gbọọrọ tí wọ́n ń gbé lé èjìká tí ẹrù á so kọ́ lọ́tùn-ún lósì, biǎndan ni wọ́n ń pe igi yẹn. Ohun tó wà nínú chéngdān nìyẹn, kéèyàn ti èjìká bọ abẹ́ nǹkan, ohunkóhun tó bá sì wúwo ni wọ́n lè chéngdān: iṣẹ́, ẹ̀bi, owó tó yẹ ní sísan, òfò, ewu, àtubọ̀tán. Gbogbo ẹ̀ pátá, ọ̀rọ̀ kan.

Gẹ̀ẹ́sì ò ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ni wọ́n ń undertake. Responsibility, wọ́n ń "take" tàbí "assume" ẹ̀. Cost, wọ́n ń "bear" ẹ̀ tàbí "cover" ẹ̀. Consequences, "bear" tàbí "face". Risk, "take" tàbí "run". Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti há a sórí pé chéngdān ni undertake máa kó gbogbo ẹrù yẹn lé orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ní Chengdu, obìnrin, wọ́n ń ta ẹ̀rọ sí òkè òkun níbi iṣẹ́ ẹ̀, ó fi ímeèlì kan hàn mí kó tó fi ránṣẹ́ sí kọ́sítọ́mà: "If the goods are damaged, our company will undertake all the loss." Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, lédè tèmi, ohun tẹ́ ẹ kọ síbí ni pé ilé iṣẹ́ yín ti dáwọ́ lé òfò, pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ tagbára tagbára, ẹ ò sì ní sinmi àfi tẹ́ ẹ bá parí ẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ó wá tẹ 哈哈哈哈, ẹ̀rín nìyẹn, tó kún gbogbo ojú fóònù. A yí i sí "will bear all losses", ó fi ránṣẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, tó bá ti fẹ́ lo undertake, á kọ́kọ́ bi mí pé, "Lǎoshī, ṣé òfò ni àbí iṣẹ́ ni?" Lǎoshī ni tíṣà, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo wa nìyẹn.

Ọ̀daràn kejì ni 从事, cóngshì, tó túmọ̀ sí pé iṣẹ́ téèyàn ń ṣe jẹun nìyí. Òun ló ń bí "I undertake English teaching for ten years". "I have been teaching English for ten years" ni, kò sí undertake kankan níbẹ̀. Ìkẹta ni 进行, jìnxíng, tí wọ́n máa ń fi ṣáájú ọ̀rọ̀ mìíràn kí gbólóhùn lè dún bíi tìjọba, òun ni ẹ ṣe máa ń rí "we undertook a discussion" nígbà tó jẹ́ pé "we discussed it" ti tó.

Báwo ni mo ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀ kó má baà di pé kí wọ́n máa há a sórí lọ́kọ̀ọ̀kan?

Ibí ni Yorùbá ti gbè wá, torí ohun tí chéngdān dì pọ̀, èdè wa ti pín in tipẹ́. Àwa náà ń ru ẹ̀bi, a sì ń ru òfò, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa ní òun "dáwọ́ lé ẹ̀bi". A ń dáwọ́ lé iṣẹ́. A sì ń jẹ́jẹ̀ẹ́, ìyẹn tún dá dúró. Rù, dáwọ́ lé, jẹ́jẹ̀ẹ́. Èyí tá à ń rù, ẹ ní kí wọ́n gbàgbé undertake níbẹ̀. Méjì tó kù ló ni ín.

Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ yín ò gbọ́ Yorùbá, ó nílò ohun tó lè fi dán an wò fúnra ẹ̀ nígbà tẹ́ ò sí níbẹ̀. Ẹ fún un ní 完成, wánchéng, ìyẹn ni parí. Kó mú ohun tó fẹ́ undertake, kó fi wánchéng ṣáájú ẹ̀ ní Ṣáínà, kó gbọ́ bó ṣe dún létí ara ẹ̀. Parí iṣẹ́, ó dùn. Parí ìwádìí, parí ẹ̀kọ́, ó dùn. Parí owó ọkọ̀? Parí ewu? Parí àtubọ̀tán? Etí ẹ̀ á kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ohun tí wánchéng bá kọ̀, undertake náà kọ̀ ọ́. Mo ti lo èyí fún ọ̀pọ̀ kíláàsì, ó máa ń mú wọn dáadáa, ibi tó ti máa ń yẹ̀ díẹ̀ ni iṣẹ́ kéékèèké, torí èèyàn lè wánchéng iṣẹ́ àṣetiléwá àmọ́ "undertake my homework" ṣì ń dún bí ẹni tó wọ agbádá lọ fọ abọ́. Ẹ fi kún un pé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ tóbi. Ẹ sì lè bá "undertake responsibility" pàdé nínú ìwé òfin àwọn Òyìnbó fúnra wọn, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn, "take responsibility" ni kí akẹ́kọ̀ọ́ yín máa kọ.

"Undertake to pay" ni àbí "undertake paying"?

Tó bá jẹ́ ìlérí, "to" ni, ìgbà gbogbo. Tàbí "that": "The company undertakes that the data will be kept safe." Kò sí "undertake paying". Ní Ṣáínà, 承诺, chéngnuò, àti 保证, bǎozhèng, ni wọ́n ń lò fún ìlérí yìí, ọ̀rọ̀ ìṣe kejì kàn máa ń tẹ̀ lé e ni, kò sí nǹkan kan láàárín, òun ni wọ́n ṣe máa ń kọ "we undertake pay".

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ lo àkókò lé lórí níbí ni ibi tí "not" máa dúró sí. "The buyer undertakes not to copy the software": ẹni tó rà á ti gbà pé òun ò ní dà á kọ, tó bá dà á kọ wọ́n lè gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù. "The seller does not undertake to repair the software": ẹni tó tà á kò gbà pé òun á tún un ṣe, ìyẹn ni pé kò ṣèlérí kankan, tó bá wù ú á tún un ṣe, tí kò bá wù ú á fi sílẹ̀. Ọ̀kan dè èèyàn, ìkejì tú u sílẹ̀. Èyí ò ní le fún wọn tẹ́ ẹ bá fi Ṣáínà hàn wọ́n, torí bù tó jẹ́ "kò" lọ́dọ̀ wọn náà ń sún kiri bẹ́ẹ̀, chéngnuò bù àti bù chéngnuò. Ẹ kàn kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tó jẹ́ lọ́yà sọ pé nínú gbogbo nǹkan tí mo kọ́ òun, èyí nìkan lòun ti fi jẹun.

Undertook, undertaken, wọ́n ń dà á pọ̀.

Àwa náà dà á pọ̀ nílé ìwé, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ṣáínà kì í yí ọ̀rọ̀ ìṣe padà, Yorùbá kì í yí i padà, "lọ" ni lọ lánàá, "lọ" ni lọ lọ́la, àwọn ń fi "le" tiwọn sí i láti fi hàn pé ó ti ṣẹlẹ̀, àwa ń fi "ti" sí i. Ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́ di nǹkan bàbàrà. Take, took, taken ni wọ́n ti mọ̀, kí wọ́n lẹ under mọ́ ọn níwájú, ó tán. Èyí tí wọ́n máa bá pàdé jù nínú ìwé yunifásítì ni "was undertaken", bíi "The study was undertaken in 2019", ẹ jẹ́ kó mọ́ wọn lára.

Ṣé "undertaking" ti wọ́n máa ń ní ká wá kọ ní tẹ́ṣàn náà nìyí?

Òun náà ni! Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti bá aládùúgbò jà rí tó dé iwájú ọlọ́pàá, wọ́n á ní kẹ́ ẹ jókòó kẹ́ ẹ kọ undertaking pé ẹ ò ní fọwọ́ kàn án mọ́, ẹ ò sì ní dí i lọ́nà, ẹ̀yin méjèèjì á sáìn, ẹlẹ́rìí á sáìn. Ilé ìwé náà ń gba tiwọn. Èmi fúnra mi kọ ọ̀kan ní JSS 3 torí fẹ́ńsì tí mo fò, bàbá mi ló sáìn lábẹ́ ẹ̀, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé, ìgbà tá a délé ló wá sọ ọ́. Torí náà, àwa ò nílò díkíṣọ́nárì fún ìtumọ̀ kejì yìí, a ti mọ̀ ọ́n lára.

Àwọn ará Ṣáínà náà ní tiwọn. 保证书, bǎozhèngshū, ni ìwé téèyàn fi ṣèlérí pé òun ò ní ṣe é mọ́, ọmọ ilé ìwé ń kọ ọ́ fún tíṣà, ọkọ ń kọ ọ́ fún ìyàwó. 承诺书, chéngnuòshū, ni tàwọn ilé iṣẹ́ àti ìjọba. Wọ́n tún ní 检讨书, jiǎntǎoshū, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó ìyẹn mọ́ ọn o, jiǎntǎoshū ń wo ẹ̀yìn, mo ṣẹ̀, mo jẹ̀bi, ibi tí mo ti kù díẹ̀ káàtó nìyí. Undertaking ń wo iwájú ni. Tẹ́ ẹ bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ìtàn bǎozhèngshū tó kọ ní kékeré, ẹ kàn jókòó kẹ́ ẹ máa gbọ́, wákàtí kan á lọ, undertaking ò sì ní kúrò lórí ẹ̀ mọ́ láé.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti lọ́yà tún le ju ti tẹ́ṣàn wa lọ. Tí lọ́yà bá ti lo ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀ pé "I undertake to send you the money", kódà kó jẹ́ ẹnu lásán ló fi sọ ọ́, ó ti dè é, kọ́ọ̀tù lè mú un sí i. Ẹni tó bá sì ṣe undertaking fún kọ́ọ̀tù tó wá yẹ̀ ẹ́, ìwà àrífín sí kọ́ọ̀tù ni, wọ́n lè tìtorí ẹ̀ rán an lẹ́wọ̀n.

Undertaking tún lè jẹ́ iṣẹ́ ńlá lásán, "building a railway is a huge undertaking". Nínú òfin ìṣòwò àwọn Yúróòpù, ilé iṣẹ́ gan-an ni wọ́n ń pè ní undertaking, ìyẹn kan àwọn tó ń ka òfin nìkan.

Ṣé ẹni tó bá ń undertake nǹkan la ń pè ní undertaker?

Ẹ̀jẹ̀ Jésù. Ẹ má jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ yín kọ ọ́.

Láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pín ilẹ̀ Ulster ní Ireland láti nǹkan bí 1609, "undertakers" ni wọ́n pe àwọn tó gba ilẹ̀ lórí àdéhùn pé àwọn á kó ará England àti Scotland wá tẹ̀dó síbẹ̀, kò sí òkú nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Ìgbà tó fi máa tó ìparí ọ̀rúndún yẹn, wọ́n ti ń pe àwọn tó ń gba iṣẹ́ ètò ìsìnkú ṣe ní "funeral undertaker", wọ́n gé e kúrú, òkú gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ gbogbo èèyàn lọ́wọ́. Òní olónìí, undertaker ni àwọn tí àwa náà ń pè ní ọ́ńdàtékà, àwọn tó ń wọ kóòtù funfun tó ń jó pẹ̀lú pósí lórí. Kí àwọn ará Ṣáínà tó gbọ́ àlàyé yín, ẹ béèrè bóyá wọ́n mọ 送葬者, sòngzàngzhě. Ẹni tó ń sin òkú lọ sí ibojì ló túmọ̀ sí, orúkọ tí wọ́n fún Undertaker oníjàkadì WWE nìyẹn, ọkùnrin gíga onífìlà dúdú tó kọ́kọ́ jáde ní 1990. Àwọn ọkùnrin tó bá ti lé lọ́gbọ̀n ọdún á pariwo.

Mo rí i nínú CV akẹ́kọ̀ọ́ kan rí, "Undertaker of three national projects". Ohun tó ń túmọ̀ ni 项目承担者, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ilé iṣẹ́ tàbí ẹni tó gba iṣẹ́ ìwádìí lọ́wọ́ ìjọba, nǹkan iyì ni lọ́dọ̀ wọn. Àmọ́ Òyìnbó tó bá kà á á rò pé iṣẹ́ mẹ́ta ni ọkùnrin yìí ti sin. "Project lead" ni. Ẹ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ fún wọn o, torí wọn kì í fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ikú ṣeré, àwọn tó jẹ́ pé nọ́ńbà mẹ́rin, sì, ni wọ́n ń sá fún torí ó jọ ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ikú, ohùn lásán ló yà wọ́n. Àwa tá a ní ọkọ́ àti ọkọ̀ lédè yé èyí dáadáa.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ "My father undertook an operation". Ṣé ó tọ̀nà?

Ó tọ̀nà tí bàbá náà bá jẹ́ dókítà! Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí èmi náà, mo béèrè, ó ní rárá, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni. Undergo ló ń wá. Zuò shǒushù ni wọ́n ń sọ, ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹni tó mú ọ̀bẹ dání àti ẹni tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn méjèèjì ló "ṣe" é. Ṣebí àwa náà ń sọ pé "bàbá mi ṣe ọpuréṣọ̀n lọ́sẹ̀ tó kọjá", kò sẹ́ni tó máa rò pé bàbá wa ló mú ọ̀bẹ. Torí náà ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Undergo, wọ́n ṣe é sí i lára. Undertake, òun ló ṣe é.

Wọ́n tún máa ń da "overtake" àti "take over" pọ̀ mọ́ ọn. Overtake, wọ́n yà á sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Take over, wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń darí ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, mo gbọ́ tí awakọ̀ kan ní "he undertook me". Ó dáwọ́ lé mi bí?

Rárá o, ó gba ẹ̀gbẹ́ òsì yín kọjá ni. Apá òsì ni wọ́n ń wakọ̀ ní ọ̀dọ̀ yín, apá ọ̀tún ló yẹ kéèyàn ti yà yín sílẹ̀, ẹni tó bá wá gba òsì ló ń undertake, òdìkejì overtake. Òfin 268 nínú Highway Code, ìwé òfin ojú pópó wọn, sọ pé wọn ò gbọdọ̀ ṣe é ní motorway. Àwa ti kúrò ní òsì láti April 1972, àwọn ará Ṣáínà náà ń wa ọ̀tún, àfi Hong Kong àti Macau, torí náà akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá lọ UK ò nílò ìtumọ̀ yìí.

Pípè ẹ̀ ńkọ́?

Orí "take" ni agbára wà: un-der-TAKE. Àwọn tó ní ohùn mẹ́rin lédè kò yẹ kí èyí le fún, àmọ́ agbára àti ohùn ò kúkú jọra, wọ́n máa ń fún gbogbo ẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà bí ẹni tó ń ka owó. Mo máa ń fi àmì wa kọ ọ́ fún wọn, ọ̀n-dà-téèk, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ gbogbo kíláàsì kà á sódì. Èmi ni mo ṣì í. Àmì òkè tiwa yẹn, lọ́dọ̀ tiwọn ohùn tó ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ni, bí ẹni tó ń béèrè ìbéèrè. Ìlà gbọọrọ ni wọ́n ń fà sórí fáwẹ̀lì tí ohùn ẹ̀ bá dúró lókè. Ẹ fa ìlà fún wọn.

K tó parí ẹ̀ tún ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ wọn kì í fi k parí, tí kì í bá ṣe fáwẹ̀lì, n, ng àti r nìkan ni, ni wọ́n ṣe ń jẹ k náà mọ́nú tàbí kí wọ́n fi fáwẹ̀lì tì í lẹ́yìn, "téi-ke". Àwa tá à ń pe cake ní kéèkì ò lẹ́nu níbẹ̀.

Ṣé kí wọ́n máa lò ó nínú IELTS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì yẹn, kí máàkì lè pọ̀?

Ẹ̀ẹ̀kan, níbi tó yẹ, ó tó. Àwọn tó ń fún wọn ní máàkì ń wò ó bóyá ọ̀rọ̀ tí kò wọ́pọ̀ bá àwọn ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ mu, "undertake the risk" ò sì ní gba nǹkan kan fún wọn. Níbi tí mo ti rí i tó wúlò gan-an ni lẹ́tà tí wọ́n fi ń wá yunifásítì, "I wish to undertake a master's degree in…", ó bọ́ sójú ẹ̀ wẹ́kú. Nínú ìdánwò ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ ní kí wọ́n fi sílé. "Do" wà, "take on" wà, "carry out" wà, ẹnu kì í kọ́ lórí wọn.

Igbesa ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n fún mi ní kọ́ńtíráàtì tó ní "Party B shall undertake the transportation fee". Èmi ni Party B. Ṣé èmi ni mo máa san án àbí mo kàn máa bá wọn ṣètò ọkọ̀?

Ẹ̀yin lẹ máa san án. Wọ́n kọ ọ́ ní Ṣáínà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tó túmọ̀ ẹ̀: 乙方承担运费, yǐfāng ni Party B, jiǎfāng ni Party A, chéngdān yẹn ló sì wà láàárín, ẹrù tẹ́ ẹ máa rù ni. Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó wà lójú ìwé yẹn ò sọ ọ́ tààrà, ẹni tó bá fẹ́ jà lè fà á síhìn-ín fà á sọ́hùn-ún. Ẹ wo ìsàlẹ̀ kọ́ńtíráàtì náà, ó sábà máa ń wà níbẹ̀, èdè tí wọ́n máa tẹ̀ lé tí ìwé méjèèjì ò bá dọ́gba, tó bá jẹ́ Ṣáínà ni, ẹ ní kẹ́nì kan tó gbọ́ ọ ka gbogbo ẹ̀ fún yín. Kẹ́ ẹ tó sáìn, ẹ ní kí wọ́n yọ "undertake" kí wọ́n fi "pay" síbẹ̀, kí wọ́n sì kọ iye ẹ̀.